Alessandro Volta àti Afẹ́fẹ́ Inú Ẹrẹ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé ọmọ tí yóò jẹ́ Àṣàmú, láti kékeré ni a ti í mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó tọ́ ọkùnrin tí a ń sọ ìtàn rẹ̀ yìí kò mọ̀ ọ́n ní kékeré. Ìlú Como ní ilẹ̀ Ítálì ni a bí Alessandro Volta sí, ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1745. A gbọ́ pé ó tó ọmọ ọdún mẹ́rin kí ó tó sọ̀rọ̀, tí àwọn ará ilé rẹ̀ sì ń bẹ̀rù pé odi ni. Nígbà tí ahọ́n rẹ̀ tú, kò pẹ́ tí ó fi ta àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ nínú ẹ̀kọ́. Baba rẹ̀ kú nígbà tí ó wà ní kékeré. Àwọn ẹbí rẹ̀ fẹ́ kí ó di amòfin, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìwádìí ni ọkàn rẹ̀ fà sí, òun náà ni ó sì ṣe.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1776, Volta wà nínú ọkọ̀ kékeré lórí adágún Maggiore, lẹ́bàá Angera. Ó na ọ̀pá sí ìsàlẹ̀ omi, ó fi ro ẹrẹ̀. Bí ó ti ń rò ó, bẹ́ẹ̀ ni omi ń hó bí ìkòkò tí ó wà lórí iná. Ẹlòmíràn ìbá kọjá lọ. Ṣùgbọ́n Volta gba afẹ́fẹ́ náà sínú ìgò, ó fi iná sí i, ó sì gbiná. Ó ṣàkíyèsí pé ibi tí ewé àti koríko bá ti ń jẹrà nínú ẹrẹ̀ ni afẹ́fẹ́ yìí ti ń wá. Òun ni a ń pè ní methane lónìí.

Ohun kan wà tí Volta kò lè rí: àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ẹrẹ̀ ni ń ṣe afẹ́fẹ́ náà. Àwọn ọ̀mọ̀wé tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ ni ó tú àṣírí yìí. Wọ́n rí i pé kábọ́ọ̀nù, tí ó wà nínú gbogbo ohun alààyè, ní oríṣi tí ó fúyẹ́, èyí ni kábọ́ọ̀nù 12, àti èyí tí ó wúwo jù ú lọ, èyí ni kábọ́ọ̀nù 13. Èyí tí ó fúyẹ́ ni ó rọrùn fún kòkòrò láti lò. Nítorí náà, kábọ́ọ̀nù 13 kì í pọ̀ nínú methane tí wọ́n ṣe. Nípa báyìí ni a fi ń mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí èyí tí ooru abẹ́ ilẹ̀ sè pẹ̀lú epo rọ̀bì. Ní ìsàlẹ̀ òkun, àwọn kòkòrò mìíràn tún ń jẹ methane yìí kí ó tó jáde. Oore ńlá ni èyí, nítorí methane a máa mú kí ayé gbóná.

Ẹ̀yin ọmọ Ìyànà Ìpájà, kò dìgbà tí ẹ bá dé Ítálì. Irú iṣẹ́ kan náà ni kòkòrò ń ṣe nínú ẹrẹ̀ ọ̀sà Èkó, àti nínú ilẹ̀ tí a kó jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ààtàn Solous ní Ìgándò.

Volta di olùkọ́ àgbà ní Pavia. Nígbà tí Galvani wí pé ara àkèré ni iná mànàmáná ti ń wá, Volta kò gbà. Ó ní irin méjì tí ó kan ara wọn ni ó fà á. Kí ó lè fi ìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀ múlẹ̀, ó to fàdákà àti síńkì léra, ó fi ohun tí a rẹ sínú omi iyọ̀ sí àárín wọn. Báyìí ni ó ṣe bátìrì àkọ́kọ́, tí ó kéde ní ọdún 1800. Napoleon dá a lọ́lá, ó sì fi í joyè ní ọdún 1810. Ó kú ní ọjọ́ 5 oṣù kẹta ọdún 1827. Ní ọdún 1881 ni a fi orúkọ rẹ̀ pe òṣùwọ̀n agbára iná mànàmáná, èyí tí ó wà lára bátìrì gbogbo.

Bí a bá fara balẹ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Ọmọ tí a pè ní odi ni ó gbọ́ ohun tí ẹrẹ̀ ń sọ.