DÚRÓ LÁDÍPỌ̀: ẸNI TÍ Ó FI EWÌ KOJÚ ÌBÀNÚJẸ́

Ó ti di àṣà nínú ìwé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa pé kí a máa sọ̀rọ̀ nípa ẹni ńlá kan tí ó ti re ibi àgbà ń rè, kí àwọn ọmọ wa tí ń bẹ nílé àti àwọn tí ń bẹ lẹ́yìn odi lè mọ ipasẹ̀ tí wọ́n ń tọ̀. Ní ọdún yìí, Dúró Ládípọ̀, ọmọ Òṣogbo, ni ọ̀rọ̀ kàn. Púpọ̀ nínú wa mọ̀ ọ́n sí eléré tí ó gbé ìrísí Ṣàngó wọ̀. Ṣùgbọ́n akéwì ni pẹ̀lú, bí ó sì ti lo ewì láti kojú ohun tí ń dun ọkàn ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò.

A lè wí pé orúkọ tí a sọ ọ́ ni ewì àkọ́kọ́ nínú ìgbésí ayé rẹ̀. Àwọn ọmọ ti kú mọ́ àwọn òbí rẹ̀ lọ́wọ́ kí wọ́n tó bí i. Nígbà tí ó dé, yàtọ̀ sí Timothy tí í ṣe orúkọ ìjọ àti Àdìsá tí í ṣe oríkì, wọ́n to orúkọ àbíkú lé e lórí: Dúródọlá, Dúróṣọmọ, Dúróoríìkẹ́. Ẹ̀bẹ̀ ni orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: kí ó dúró di ẹni ọlá, kí ó dúró ṣe ọmọ, kí ó dúró kí ó rí bí a ó ti kẹ́ ẹ. Àwọn òbí tí ojú wọn ti rí tó báyìí kò pa ẹnu mọ́. Wọ́n gbé ẹ̀dùn ọkàn wọn sínú ọ̀rọ̀, wọ́n sì ń fi pe ọmọ ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́.

Kátíkíìsì ìjọ Áńgílíkà ni bàbá rẹ̀, nítorí náà inú orin ìyìn àti ẹ̀kọ́ Bíbélì ni ọmọ náà dàgbà. Ṣùgbọ́n ìlú Ọ̀ṣun ni Òṣogbo, ìlú tí bàtá àti dùndún ti ń sọ̀rọ̀. Ọmọ kátíkíìsì a máa yọ́ jáde lọ wo egúngún. Nígbà tí ó dàgbà, ó gba iṣẹ́ tíṣà. Ó kọ́ni ní Ọmọfẹ́ ní Iléṣà, ó sì tún kọ́ni ní Kàdúná. Kí àwọn ará Ìjẹ̀ṣà má ṣe gbàgbé pé Iléṣà wà lára ibi tí ó ti kọ́kọ́ fi ọwọ́ ba eré kíkọ.

Ní nǹkan bí ọdún 1960, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí ó yí ọ̀nà rẹ̀ padà. Ó ṣe àkójọ orin Àjíǹde fún ìjọ All Saints ní Òṣogbo, ó sì mú ìlù tí ń sọ̀rọ̀ wọ inú rẹ̀. Inú bí àwọn kan nínú ìjọ, nítorí pé ní ojú wọn ìlù abọ̀rìṣà kò yẹ ní ilé Ọlọ́run. Irú ìbáwí bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré fún ọmọ kátíkíìsì. Ẹlòmíràn ì bá ti jáwọ́. Ládípọ̀ gbé orin rẹ̀ jáde kúrò nínú ìjọ, ó sì ṣe ti Kérésìmesì ọdún 1961 ní Mbari ní Ìbàdàn. Lónìí, ìlù dùndún ń dún ní ọjọ́ Ìsinmi nínú púpọ̀ àwọn ìjọ wa, ẹnikẹ́ni kò sì bínú.

Ní oṣù Máàṣì ọdún 1962, òun àti Ulli Beier, ọmọ Jámánì tí ń kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, dá irú ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Òṣogbo, nínú ilé ọtí Ládípọ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni Mbari, ṣùgbọ́n etí àwọn ará Òṣogbo gbọ́ ọ bí ẹni tí ń wí pé òun ì bá rí i, òun ì bá yọ̀. Báyìí ni ó ṣe di Mbari Mbayọ̀. Ibẹ̀ ni ó ti gbé eré ọba mẹ́ta jáde: Ọba Mọ́rọ̀ ní 1962, Ọba Kò So ní 1963, àti Ọba Wàjà ní 1964.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí Ọba Kò So. Ṣàngó, Aláàfin Ọ̀yọ́, ní akọni méjì tí agbára wọn ń kọ ọ́ lóminú, Tìmì àti Gbọ́nkáà. Ó rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ, ìlú tí kò jìnnà sí Òṣogbo wa, ní ìrètí pé ibẹ̀ ni yóò parun sí. Tìmì kò parun, ó gbilẹ̀. Ọba wá rán Gbọ́nkáà sí i. Ọfọ̀ ni àwọn méjèèjì fi bá ara wọn jà, ọfọ̀ ni Gbọ́nkáà sì fi mú Tìmì sùn. Nígbà tí Gbọ́nkáà ṣẹ́gun tán, ó yíjú sí ọba. Ní ìbínú, ọba pa àwọn ènìyàn ara rẹ̀. Ọya fi í sílẹ̀, ó sì lọ pokùn so. Lẹ́yìn èyí ni àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kígbe pé ọba kò so.

Kí a kíyè sí igbe náà. Ewì kúkúrú ni, ìtìjú àti ìbànújẹ́ ni ó sì bí i. Àwọn ènìyàn kò lè gba ohun tí ojú wọn rí, wọ́n fi ọ̀rọ̀ bò ó bí a ti ń fi aṣọ bo egbò, ọ̀rọ̀ náà sì di ìgbàgbọ́ ìran dé ìran. Ládípọ̀ kò fi wọ́n ṣe ẹ̀sín, bẹ́ẹ̀ ni kò bá wọn fi egbò náà pamọ́. Ó kọ́kọ́ fi ọba hàn wá nínú àbámọ̀, ní òun nìkan, kí ó tó jẹ́ kí a gbọ́ igbe pé kò so. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ lẹ́yìn ohun tí ó ti rí yóò mọ̀ pé ẹkún ni.

Kò sì hùmọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ eré náà fúnra rẹ̀. Ó tẹ́tí sí àwọn onílù àti àwọn olùsìn Ṣàngó, ó kó oríkì, ìjálá àti ọfọ̀ jọ, ó tò wọ́n, ó sì kọ tirẹ̀ mọ́ wọn. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ṣe Ṣàngó lórí ìtàgé, Abíọ́dún ìyàwó rẹ̀ sì ṣe Ọya.

Nínú Ọba Wàjà, ó mú ọ̀ràn Ẹlẹ́ṣin Ọba ní Ọ̀yọ́, ẹni tí òyìnbó aláṣẹ kò jẹ́ kí ó bá Aláàfin lọ, tí ọmọ rẹ̀ sì kú dípò rẹ̀. Ọmọ tí a ti fi orúkọ bẹ̀ pé kí ó dúró ni ó kọ eré nípa baba tí ó kù lẹ́yìn ọmọ.

Ní 1964, ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe Ọba Kò So ní Berlin. Ní 1965, wọ́n ṣe é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth. Ó tún gbé Mọremí jáde ní 1966. Ní ọjọ́ 11 oṣù Máàṣì ọdún 1978, ẹni tí a ní kí ó dúró fi wá sílẹ̀. Abíọ́dún kò jẹ́ kí eré náà bá a lọ.

Ẹ̀yin ará, nígbà tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ wá lónìí, ìwé ìsìnkú aláwọ̀ mèremère ni a ń tẹ̀, ọ̀rọ̀ ìdárò kan náà ni a sì ń kọ sínú rẹ̀ fún gbogbo òkú. Àwọn ìyá wa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n a máa fi oríkì sunkún, wọ́n a dárúkọ ohun tí òkú ṣe àti ohun tí ó kù tí kò ṣe. Bí ìyá àgbà kan bá ṣì wà ní agboolé yín, ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ọdún yìí tó parí. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, ẹ kọ oríkì òbí yín ní èdè wa kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ọmọ yín. Àwa tíṣà yóò sa ipá tiwa nínú kíláàsì.

Kí Ọlọ́run tẹ́ Dúró Ládípọ̀ sí afẹ́fẹ́ rere. Àmín.