Ìtàn Ìgbésí Ayé Àreògún, Agbẹ́gilére Ọ̀sì

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, bí a bá ní kí ẹ kọ ìtàn ẹni ńlá kan tí ó ti dolóògbé, ẹ má rò pé ọba tàbí ológun nìkan ni ẹ lè mú. Ẹlòmíràn kò jẹ oyè. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló gbé e ga. Irú rẹ̀ ni Àreògún.

Ní nǹkan bí ọdún 1880 ni a bí i ní Ọ̀sì, ìlú Èkìtì kan ní ìpínlẹ̀ Kwara. Nítorí pé abẹ́ Ìlọrin ni àwọn òyìnbó fi ìlú náà sí, Ọ̀sì-Ìlọrin ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Dàda ni orúkọ àmútọ̀runwá rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Bámgbóṣé, ọ̀gá agbẹ́gilére Ọ̀sì, ni ó ti kọ́ṣẹ́.

Iṣẹ́ yìí kò fẹ́ ìkánjú. Ọnà lílé ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀: àáké ni wọ́n fi ń la orí, ara àti ẹsẹ̀ ère sọ́tọ̀. Alétúnlé tẹ̀ lé e, kí ojú, etí àti ọwọ́ lè yọ. Lẹ́yìn náà ni dídán, kí ó tó kan fínfín, tí ọ̀bẹ yóò fi ya ìlà irun àti ti aṣọ.

Àreògún gbẹ́ Ẹpa fún ọdún ìbílẹ̀, ó gbẹ́ ọpọ́n Ifá, ó sì gbẹ́ ìlẹ̀kùn. Ẹ wo ìlẹ̀kùn rẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé: abiyamọ wà níbẹ̀, ẹlẹ́ṣin wà níbẹ̀, ṣọ́jà wà níbẹ̀, ọkùnrin kan sì ń gun kẹ̀kẹ́, ó ń mu ìkòkò tábà. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ní ìlú rẹ̀ àti èyí tí ọkàn rẹ̀ rò ni ó pa pọ̀ di ìtàn lára igi.

Nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gba ẹ̀sìn titun, iṣẹ́ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ parun, nítorí àwọn abọ̀rìṣà tí ń ra ère ń dín kù. Ṣùgbọ́n Àreògún ti kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ọ̀kan nínú wọn, Ọ̀ṣàmúkọ, ló kọ́ Bándélé ọmọ rẹ̀. Láti ọdún 1947, Bándélé gbẹ́ ère fún ìjọ Àgùdà ní Ọyẹ́-Èkìtì, lọ́dọ̀ Fadá Kevin Carroll. Níbẹ̀ ni Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún, ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Àreògún kú ní ọdún 1954. Ikán lè jẹ igi, a sì lè kó ère lọ sí òkè òkun, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ́ ọmọ níṣẹ́ kò kú tán. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ nínú ìgbésí ayé rẹ̀ nìyí.