Lady Anne Blunt: obìnrin tí kò jẹ́ kí ìran ẹṣin Lárúbáwá àtijọ́ parun

Ní Ikpinlè àti ní gbogbo abúlé tó yí Adja-Ouèrè ká, ewúrẹ́, àgùntàn, ẹlẹ́dẹ̀ àti adìyẹ ni ọ̀sìn tí a mọ̀. Ẹṣin kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Eṣinṣin tó ń fa àrùn oorun kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ láyé ní ilẹ̀ olójò bíi tiwa. Àwọn ọmọ ogun Ọ̀yọ́ àtijọ́, tí wọ́n gun ẹṣin jagun dé ilẹ̀ Dáhòmì, mọ ìṣòro yìí dáadáa. Ọ̀dọ̀ àwọn ará àríwá ni wọ́n ti ń ra ẹṣin tuntun nígbà gbogbo. Títí dòní, ẹni tó bá fẹ́ rí ẹṣin rẹpẹtẹ ní Benin, kó lọ sí Nikki nígbà ọdún Gaani àwọn Ìbàrìbá.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó ń sin ẹṣin káàkiri ayé ń jiyàn lé lórí, tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá ti ra ẹran lọ́jà rí. Ṣé ẹran tó wu ojú ni kí a máa mú bímọ, àbí èyí tó lè ṣiṣẹ́? Orí ẹṣin Lárúbáwá ni àríyànjiyàn náà ti le jù. Bí a bá sì dárúkọ ẹṣin Lárúbáwá, a kò lè ṣe kí a má dárúkọ Lady Anne Blunt. Ó ti lé ní 100 ọdún tó ti kú, ṣùgbọ́n ọmọ-ọmọ àwọn ẹṣin rẹ̀ ṣì wà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1837 ni wọ́n bí i ní London. Ilé ọlọ́lá ni ilé wọn. Byron, akéwì tí òkìkí rẹ̀ kàn ní Yúróòpù, ni bàbá ìyá rẹ̀. Ada ni ìyá rẹ̀ ń jẹ́, òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ó kọ́kọ́ kọ ìlànà iṣẹ́ fún ẹ̀rọ ìṣirò, nígbà tí kò sí ẹni tó mọ ohun tó ń jẹ́ kọ̀ǹpútà. Ọmọ ọdún 15 péré ni Anne nígbà tí ìyá rẹ̀ kú ní 1852. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán, ó mọ èdè púpọ̀, ó sì ń ta gòjé àwọn òyìnbó. Gòjé kan tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún nǹkan bí 30 ọdún ni wọ́n tà ní 2011 ní iye tó lé ní mílíọ̀nù 15 dọ́là, tí wọ́n sì fi owó náà ran àwọn tí ilẹ̀ ríri ṣe lọ́ṣẹ́ ní Jàpáànù lọ́wọ́. Orúkọ rẹ̀ ni gòjé náà ń jẹ́ títí di ìsinsìnyí.

Ní 1869 ó fẹ́ Wilfrid Scawen Blunt, akéwì tó ti ṣiṣẹ́ rí ní àwọn ilé aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nílẹ̀ òkèèrè. Ilẹ̀ ńlá kan tó ń jẹ́ Crabbet, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bọ́ sọ́wọ́ ọkọ náà bí ogún. Obìnrin yìí rí ìbànújẹ́ nínú ọ̀ràn ọmọ bíbí. Judith, tí wọ́n bí ní 1873, ni ọmọ kan ṣoṣo tó yè fún wọn.

Ní ìparí 1877, tọkọtaya náà gbéra lọ sí ilẹ̀ Síríà, tó wà lábẹ́ ìjọba Tọ́kì nígbà náà. Ní ìlú Aleppo, ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún náà, wọ́n ra abo ẹṣin kan tí wọ́n ń pè ní Dajania. Láti ibẹ̀ wọ́n tọ odò Yúfírétì lọ sí Baghdad, wọ́n sì ń sùn nínú àgọ́ láàárín àwọn darandaran Lárúbáwá. Ibẹ̀ ni Lady Anne ti rí bí àwọn ará aṣálẹ̀ ṣe ń mú ẹṣin wọn. Ọ̀dọ̀ ìyá ni wọ́n ti ń ka ìran ẹṣin, wọn kì í kà á láti ọ̀dọ̀ bàbá. Abo ẹṣin ni wọ́n sì fẹ́ràn láti gùn lọ sógun, nítorí pé akọ lè hàn kí ọ̀tá sì gbọ́. Ẹṣin tí kò lè rin ọ̀nà jíjìn nínú oòrùn pẹ̀lú omi díẹ̀ kò wúlò fún wọn. Bó ti wù kó rẹwà tó, àárín ọ̀nà ni yóò kú sí, olówó rẹ̀ á sì bá a lọ.

Nígbà tí wọ́n padà sílé ní 1878, wọ́n dá ibi ìsìn ẹṣin sílẹ̀ ní Crabbet. Ṣùgbọ́n wọn kò dúró. Láàárín oṣù díẹ̀ wọ́n tún ti gbéra, wọ́n la aṣálẹ̀ kọjá lọ sí ìlú Hail, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Arébíà. Lójú ọ̀nà ni àwọn ẹlẹ́ṣin kan ti kọlù wọ́n. Lady Anne ti fi orúnkún ṣèṣe ṣáájú, kò sì lè tètè gun ẹṣin rẹ̀. Wọ́n gba ẹṣin wọn, wọ́n gba ìbọn ọwọ́ ọkọ rẹ̀, wọ́n sì fi lù ú lórí. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ délẹ̀ tí àwọn tó kọlù wọ́n mọ̀ pé ọ̀rẹ́ olórí àwọn ni wọ́n, ni wọ́n dá gbogbo nǹkan padà. Ní oṣù Kìíní 1879 wọ́n dé Hail, ọba ibẹ̀ sì jẹ́ kí wọ́n wo àwọn ẹṣin rẹ̀. Ìwé méjì ni Lady Anne kọ nípa ìrìn àjò méjèèjì, èyí àkọ́kọ́ jáde ní 1879, èkejì ní 1881.

Irú ẹṣin wo ló ń wá? Bí a bá wo àwòrán àwọn ẹṣin tó kó wá sí Crabbet, kò sí èyí tó ga púpọ̀ nínú wọn. Láti ilẹ̀ dé èjìká, gíga ọ̀pọ̀ wọn kò ju nǹkan bí 145 sí 150 sẹ̀ǹtímítà lọ. Iwájú orí wọn fẹ̀, ojú wọn tóbi, imú wọn sì tẹ́ẹ́rẹ́ nísàlẹ̀. Afárá imú wọn tẹ̀ wọlé díẹ̀, ó sì wà lára wọn tí tiwọn gún gbọọrọ. Àyà wọn jìn, ẹ̀yìn wọn kúrú, ó sì le. Egungun ẹsẹ̀ wọn gbẹ, ó sì lágbára, pátákò wọn le bí òkúta. Bí wọ́n bá ń sáré, ìrù wọn a gbé sókè. Lady Anne fẹ́ràn orí tó dára, kò sì fi pamọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó fẹ́ ta ẹṣin fún un ni pé ta ni ìyá ẹṣin náà, ta ló sì lè jẹ́rìí sí i. Bí ẹ̀rí kò bá sí, kò ní rà á, bó ti wù kó wù ú tó.

Ní 1882 wọ́n ra ọgbà kan lẹ́bàá Káírò, ní Íjíbítì, orúkọ rẹ̀ ni Sheykh Obeyd. Ibẹ̀ ló ti bá ọ̀rọ̀ ẹṣin Ali Pasha Sherif pàdé. Abbas Pasha, tó ṣe olórí Íjíbítì kí wọ́n tó pa á ní 1854, ti ná owó tí kò ṣeé kà láti kó ẹṣin tó dára jù lọ láti ọ̀dọ̀ àwọn ará aṣálẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú ìran wọn bọ́ sọ́wọ́ Ali Pasha. Ṣùgbọ́n àjàkálẹ̀ àrùn pa púpọ̀ nínú wọn, gbèsè sì wọ ọrùn olówó wọn. Láti 1889 ni àwọn Blunt ti ń rà lára wọn. Nígbà tí wọ́n lu ìyókù ní gbàǹjo ní 1897, Lady Anne wà níbẹ̀, ó sì ra èyí tó lè rà. Bí kì í bá ṣe pé ó rà wọ́n, ìran ẹṣin púpọ̀ tí Abbas Pasha kó jọ ì bá ti fọ́n ká, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ ibi tí wọ́n wọlé sí. Mesaoud wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rà, akọ ẹṣin pupa tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin funfun. Ọmọ rẹ̀ pọ̀ débi pé ó ṣòro lónìí láti rí ẹṣin Lárúbáwá ní Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà tí kò ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lára.

Ilé tó ń ṣe iṣẹ́ ńlá yìí kò tòrò. Wilfrid ń yan àlè, kò sì fi bò. Ní 1906, lẹ́yìn ọdún 37 tí wọ́n ti fẹ́ra, Lady Anne kó jáde nílé. Wọ́n pín àwọn ẹṣin sí méjì, ìdajì fún ọkọ, ìdajì fún ìyàwó. Owó obìnrin náà ló wà nídìí púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà, síbẹ̀ Wilfrid fẹ́ máa ṣe bí ẹni tó ni gbogbo rẹ̀, ó sì ń tà lára èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Íjíbítì ni ìyàwó náà lo ọ̀pọ̀ nínú ọdún tó kù fún un láyé. Èdè Lárúbáwá ti yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ó sì ń ka ìwé àwọn àgbà Lárúbáwá láti fi kọ ìwé tirẹ̀ nípa ẹṣin. Kò parí ìwé náà. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá 1917, ó kú ní Káírò, lẹ́ni ọdún 80.

Òkú kò tíì pẹ́ nílẹ̀ tí ìjà ogún fi bẹ́ sílẹ̀. Lady Anne ti kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún pé àwọn ọmọ Judith ni kó jogún ẹṣin òun, ó sì fi wọ́n sí abẹ́ alágbàtọ́. Wilfrid lóun ló ni wọ́n. Bàbá àti ọmọ dojú kọra, ẹjọ́ sì dé kóòtù. Ní 1920 ilé ẹjọ́ dá a láre fún ẹ̀gbẹ́ àwọn ọmọ-ọmọ. Judith, tí a wá mọ̀ sí Lady Wentworth, gba ibi ìsìn ẹṣin náà sọ́wọ́. Wilfrid kú ní 1922.

Judith kò tẹ̀ lé ọ̀nà ìyá rẹ̀ pátápátá. Ní 1920 náà ló ra Skowronek, akọ ẹṣin funfun kan, ó sì fi gun àwọn abo ẹṣin ìyá rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí rẹwà gan-an, àwọn kan sì ga ju ti ìṣáájú lọ. Àwọn tó fara mọ́ ti ìyá sọ pé ọmọ ti yí ìran náà padà. Àwọn mìíràn ní òun ló gbé e dé ibi tó ga jù. Ohun tó dájú ni pé ẹṣin Crabbet tàn ká gbogbo ayé. Ní 1926 ni Kellogg, olówó ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń fi àgbàdo ṣe oúnjẹ àárọ̀, ra púpọ̀ lára wọn. Ní 1936 ìjọba Rọ́ṣíà náà rà. Judith kú ní 1957. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ọ̀nà ọkọ̀ ńlá la ilẹ̀ Crabbet kọjá, ibi ìsìn ẹṣin náà sì parí.

Ẹṣin Lárúbáwá ti ìsinsìnyí wá ńkọ́? Ibi ìdíje ẹwà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń pa owó wọlé. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fi òróró ra ojú rẹ̀ kó máa dán, wọ́n á sì mú un wá síwájú àwọn adájọ́ láìsí ẹni tó gùn ún. Èyí tí ọrùn rẹ̀ gùn, tí ìdí rẹ̀ tẹ́jú, tí afárá imú rẹ̀ tẹ̀ wọlé gan-an ló sábà máa ń borí. Èyí tó bá borí ni gbogbo èèyàn fẹ́ kó gun abo ẹṣin wọn. Bí èyí ti ń lọ láti ìran dé ìran, ojú àwọn kan ti tẹ̀ wọlé débi tí àwọn oníṣègùn ẹran fi ń kìlọ̀. Imú nìkan ni ẹṣin fi ń mí, kò lè fi ẹnu mí bíi tiwa. Bí ọ̀nà imú bá há, eré á di ìṣòro fún un.

Àléébù mìíràn kò ṣeé fi ojú rí. Àrùn kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹṣin Lárúbáwá kan tí kì í jẹ́ kí ara ọmọ ẹṣin lè bá àìsàn jà, ọmọ náà á sì kú láàárín oṣù mélòó kan. Bàbá àti ìyá tó gbé e lára lè máa ta kébékébé kí àìsàn kankan má ṣe wọ́n. Bí méjèèjì bá gbé e, nínú ọmọ mẹ́rin, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan kú. Láti 1997 ni àyẹ̀wò ti wà tó ń fi í hàn, ẹni tó bá sì ṣe é kò ní pa irú méjì bẹ́ẹ̀ pọ̀.

Ṣùgbọ́n irú ti àtijọ́ kò tíì parun. Nínú eré ọ̀nà jíjìn, níbi tí ẹṣin ti ń rin 160 kìlómítà lọ́jọ́ kan, àwọn Lárúbáwá ló ṣì ń borí jù, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jọ àwọn tó wà nínú àwòrán ayé Lady Anne ju àwọn tó ń gba ife ẹwà lọ. Àwọn kan sì wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà àti Ọsirélíà tó ń sin ìran Crabbet nìkan, tí wọn kì í pa á pọ̀ mọ́ òmíràn.

Ohun tí ọjà bá ń sanwó fún ni àwọn olùsìn máa ń mú jáde. Bí a bá ń fi owó gidi ra òbúkọ nítorí àwọ̀ rẹ̀ nìkan, òbúkọ aláwọ̀ dáradára ni yóò kún ọjà, kì í ṣe èyí tí ọmọ rẹ̀ ń yè. Kí ẹni tó fẹ́ ra ẹran ìsìn wo ẹsẹ̀ rẹ̀, kó wo bó ṣe ń mí, kó béèrè ìyá rẹ̀ àti iye ọmọ tí ìyá náà bí tó yè. Kó wá wo ẹwà gbẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ ni Lady Anne Blunt ṣe ń ra ẹṣin.