Josef Allen Hynek, onímọ̀ ìràwọ̀ tí àwọn ológun gbé ọ̀rọ̀ ovni lé lọ́wọ́

Bí ẹ bá ti wo fíìmù Rencontres du troisième type rí, ẹ ó ti rí bàbá onírùngbọ̀n kan tó mú páìpù dání, tó bọ́ síwájú èrò níparí fíìmù náà láti wo ọkọ̀ àjèjì yẹn dáadáa. Kò sọ nǹkan kan, kò sì pẹ́ lójú rárá. Òṣèré kọ́ o. Hynek fúnra rẹ̀ ni. Ó ju ogún ọdún lọ tó fi bá àwọn ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà ṣàlàyé ohun táwọn èèyàn ń rí lójú ọ̀run.

Ìlú Chicago ni wọ́n bí i sí, ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún ọdún 1910. Ọmọ ìran Czech làwọn òbí rẹ̀. Ó gba oyè dókítà nínú ìmọ̀ ìràwọ̀ ní 1935, ó sì di olùkọ́ ní yunifásítì ìpínlẹ̀ Ohio.

Oṣù kẹfà ọdún 1947 ni awakọ̀ òfurufú kan, Kenneth Arnold, sọ pé òun rí nǹkan mẹ́sàn-án tó ń sáré kọjá lẹ́bàá òkè Rainier. Ìwé ìròyìn pè wọ́n ní àwo tó ń fò. Ẹ̀rù ba àwọn ológun, torí wọ́n rò pé ó lè jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Soviet. Ní 1948, wọ́n wá onímọ̀ ìràwọ̀ tí yóò yọ ìràwọ̀ kúrò nínú ohun tí wọ́n ń wá. Hynek ò jìnnà sí bárékè wọn ní Dayton, ni wọ́n bá pè é.

Iṣẹ́ náà kọ́kọ́ rọrùn fún un. Ìràwọ̀ tó ń já, bàlúùnù, àti Àgùàlà, èyí táwọn èèyàn wa ń pè ní ajá òṣùpá, ló pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Kapitéènì Mantell kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ní ọjọ́ 7 oṣù kìíní 1948, ó lé nǹkan kan lókè Kentucky láìní afẹ́fẹ́ mímí nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó já bọ́, ó kú. Hynek ní ó lè jẹ́ Àgùàlà. Nígbà tó yá, ó wá hàn pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bàlúùnù ńlá táwọn ọmọ ogun ojú omi ń dán wò ní bòókẹ́lẹ́.

Láti 1952, Blue Book lorúkọ ìwádìí náà. Bí ọdún ti ń lọ, ọkàn Hynek ò balẹ̀ mọ́. Awakọ̀ òfurufú àti ọlọ́pàá wà lára àwọn tó ń jẹ́rìí, wọn ò sì rí nǹkan kan jẹ níbẹ̀ ju kí wọ́n máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọdún 1966 ló wá burú. Ní Michigan, àgbẹ̀, ọlọ́pàá àtàwọn ọmọ yunifásítì rí iná kan lálẹ́. Àwọn oníròyìn kún fọ́fọ́ ní Detroit, wọ́n ń retí ìdáhùn. Hynek ní ó ṣeé ṣe kí díẹ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ gáàsì inú àbàtà. Díẹ̀ ló sọ, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n gbé jáde. Wọ́n yà á láwòrán ẹlẹ́yà káàkiri. Inú bí àwọn ará ibẹ̀, torí àfi bí ẹni pé wọ́n pè wọ́n ní òmùgọ̀. Gerald Ford, aṣòfin wọn tó wá di ààrẹ lẹ́yìn náà, ní kí ilé aṣòfin gbọ́ ẹjọ́ náà. Lójú tiwa, ibí yìí ni Hynek ti mọ̀ pé orúkọ òun ló ń sanwó ọ̀rọ̀ tí ológun ń wá.

Ìgbìmọ̀ Condon ní yunifásítì Colorado ní ìwádìí náà ò kún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Wọ́n ti Blue Book pa lóṣù kejìlá 1969. Ẹjọ́ 12,618 ló wà nínú ìwé wọn, 701 nínú rẹ̀ ò sì ní àlàyé. Hynek ò sọ pé àlejò láti ìràwọ̀ mìíràn ni 701 yìí o. Ohun tó ń bá wọn jà sí ni pé wọn ò wádìí ẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó kọ ìwé lé e lórí ní 1972. Inú ìwé yẹn ló ti pín ìpàdé tó súnmọ́ni sí mẹ́ta: kéèyàn rí i nítòsí, kó fi àmì sílẹ̀, kéèyàn rí ẹ̀dá kan níbẹ̀. Ẹ̀kẹta ló di orúkọ fíìmù yẹn. Ní 1973, ó dá ibùdó ìwádìí tirẹ̀ sílẹ̀.

Ilẹ̀ Faransé ò ṣe bíi ti Amẹ́ríkà. Ní 1977, CNES dá GEPAN sílẹ̀ ní Toulouse. Àwọn gendarme ló ń gba ẹ̀rí lẹ́nu àwọn ará abúlé, àwọn onímọ̀ sì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Iṣẹ́ náà ṣì ń lọ títí dòní lábẹ́ orúkọ GEIPAN. Ọdún kan lẹ́yìn náà, Hynek àti Jacques Vallée, ọmọ Faransé tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, lọ sọ̀rọ̀ níwájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní New York, torí olórí ìjọba Grenada, orílẹ̀-èdè kékeré yẹn, ló gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síbẹ̀.

Ọdún tí wọ́n bí Hynek ni ìràwọ̀ onírù Halley kọjá. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ló tó padà dé, ní 1986. Ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún yẹn ni Hynek kú ní Arizona.