Starling, Ẹni Tó Sọ Họ́mọ̀nù Lórúkọ

Tí irorẹ́ bá bo ojú ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ní Ọ̀yẹ́ tàbí Ìkọ̀lé, ẹjọ́ ni wọ́n máa ń kà sí i lọ́rùn. Wọ́n á ní kì í fọjú dáadáa, wọ́n á ní ẹ̀pà ló jẹ jù, àwọn mìíràn á tilẹ̀ ní ó ti ń tẹ̀lé ọkùnrin. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ nígbà tí èmi náà ń bàlágà. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ ìtàn Ernest Starling fún yín.

Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1866. Ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní ilé ìwòsàn Guy's, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní University College London lọ́dún 1899. Láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé iṣan tó ti ọpọlọ wá ló ń rán àwọn ẹ̀yà ara níṣẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1902, òun àti William Bayliss, àna rẹ̀, gé àwọn iṣan tó so mọ́ apá kan ìfun ajá, wọ́n sì da ásíìdì síbẹ̀. Síbẹ̀síbẹ̀, ẹ̀yà ara tó ń tú omi tó ń mú oúnjẹ dà sínú ìfun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìfun ti tú nǹkan kan sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ló sì jíṣẹ́.

Irú ońṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò tíì lórúkọ. Lọ́dún 1905, Starling lo ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n yọ láti inú ọ̀rọ̀-ìṣe èdè Gíríìkì tó túmọ̀ sí kí a ta nǹkan jí. Bí họ́mọ̀nù ṣe wọ èdè Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Inú ọkọ̀ ojú omi ló kú sí nítòsí Jàmáíkà lọ́dún 1927. Kingston ni wọ́n sin ín sí.

Àwọn tó tẹ̀lé e ló fi ọ̀rọ̀ náà tú àdììtú irorẹ́. Nígbà ìbàlágà, họ́mọ̀nù tí wọ́n ń pè ní androgen máa ń pọ̀ sí i lára ọkùnrin àti obìnrin. Yóò ta àwọn orísun òróró kéékèèké inú awọ jí. Òróró náà pẹ̀lú awọ tó ti kú á dí ihò irun, kòkòrò àìfojúrí á máa pọ̀ níbẹ̀, ojú ibẹ̀ á sì wú. Kò sí ọṣẹ líle tó lè fọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ìpara abóra tó ní steroid nínú tilẹ̀ lè fa irorẹ́ mìíràn.

Ní ẹ̀ka wa, a lè máa jiyàn bóyá ká yá họ́mọ̀nù wọlé ni tàbí ká ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tiwa. Èyí tó bá wù yín nínú méjèèjì, ẹ sọ ọ́ fún àbúrò yín tí irorẹ́ ń yọ lẹ́nu, kó mọ̀ pé òun kò ṣẹ̀. Tó bá ń dun ún tàbí tó ń dápàá sí i lójú, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ni ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó. Irorẹ́ ní ìtọ́jú.