Piero Ginori Conti, ọmọba tó fi ooru abẹ́ ilẹ̀ tan iná

Ìtàn ọkùnrin kan tó ti kú tipẹ́ ni mo mú wá lónìí. Òun ló kọ́kọ́ fi ooru tó ń ti abẹ́ ilẹ̀ jáde tan iná mànàmáná. Ọ̀rọ̀ yìí yóò tètè yé ẹni tó bá ti dé Ikogosi ní Èkìtì rí, níbi tí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ti ń sun láti inú ilẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dáná sí i.

Ìlú Florence ní Ítálì ni wọ́n bí Piero Ginori Conti sí ní ọdún 1865, nínú ìdílé ọlọ́lá. Ní 1894, ó fẹ́ Adriana, ọmọ ìdílé de Larderel. Bàbá ńlá ìdílé yẹn, François de Larderel, ará Faransé, ti dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè Tuscany láti 1818. Ibẹ̀ jẹ́ ibi tí ilẹ̀ ti ń hó bí ìkòkò. Wọ́n ń yọ ásíìdì bóríìkì látinú omi gbígbóná ibẹ̀, wọ́n sì ń tà á. Orúkọ ìdílé náà ni wọ́n fi sọ ìlú ibẹ̀ ní Larderello.

Nígbà tí àkóso iṣẹ́ bọ́ sọ́wọ́ àna wọn yìí, kò wo ásíìdì nìkan. Ó wo ooru omi tó ń tú jáde pẹ̀lú agbára, irú èyí tó máa ń ti ọmọrí ìkòkò sókè, ó sì rí i pé agbára lásán ló ń ṣòfò. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje ọdún 1904, ó fi ooru náà yí dínámò kékeré kan, gúlóòbù márùn-ún sì tàn. Márùn-ún péré o! Yàrá méjì lè lò jù bẹ́ẹ̀ lọ lónìí.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọgbọ́n ọkùnrin yìí wà gan-an nìyí. Ooru abẹ́ ilẹ̀ kì í ṣe ohun mímọ́. Àwọn kẹ́míkà inú rẹ̀ lè jẹ irin ẹ̀rọ. Nítorí náà, kò jẹ́ kó kan ẹ̀rọ rárá. Ó lò ó láti fi se omi mímọ́, ooru omi mímọ́ yẹn ló wá ń wa ẹ̀rọ. Bí ẹni gbé abọ́ ọbẹ̀ sínú ìkòkò omi gbígbóná ni: ọbẹ̀ á gbóná, omi ò sì ní kàn án. Kí gúlóòbù àkọ́kọ́ tó tàn, ó ti ro bí ẹ̀rọ ò ṣe ní tètè bàjẹ́.

Ní 1913, ilé iná gidi bẹ̀rẹ̀ ní Larderello, agbára rẹ̀ jẹ́ kìlówáàtì 250. Wọ́n fi í ṣe sẹ́nétọ̀ ní 1919, ó sì kú ní 1939. Ní 1944, àwọn ọmọ ogun Jámánì tó ń sá padà ba ilé iná náà jẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n tún un kọ́ lẹ́yìn ogun. Nígbà tó yá, ooru kànga bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù nítorí pé wọ́n ń fà á ju bó ṣe ń padà lọ. Wọ́n wá ń da omi padà sínú ilẹ̀. Lónìí, iná tó ń ti agbègbè yẹn jáde ju mẹ́gàwáàtì 700 lọ.

Àwọn mìíràn ti tẹ̀ lé e: New Zealand ní 1958, Olkaria ní Kenya ní 1981. Níbí ní England, Southampton bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi kànga tó jìn tó mítà 1,800 mú ilé gbóná ní 1986. Omi kì í fúnra rẹ̀ jáde dáadáa níbi gbogbo, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ki ẹ̀rọ afami sínú kànga. Ẹ wo kẹ́tù yín ní Dagenham níbí, bí ohun funfun ṣe máa ń lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló ń dí páìpù kànga olómi gbígbóná. Ẹni tí kò bá ń fọ̀ ọ́, tí kò bá ń pààrọ̀ ẹ̀rọ lásìkò, kànga rẹ̀ á kú.

Iṣẹ́ owó ni iṣẹ́ tèmi, ibẹ̀ ni ìtàn yìí sì ti bá mi wí. Ọ̀pọ̀ nínú wa níbí ti dá owó kànga ẹ̀rọ fún ìlú wa. A ya fọ́tò, a ge ríbọ́ọ̀nù. Ta ló ya owó sọ́tọ̀ fún ọjọ́ tí ẹ̀rọ afami máa jóná? Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ẹgbẹ́ yín bá tún fẹ́ dáwó, ẹ fi owó ìtọ́jú sínú ìṣirò láti ọjọ́ kìíní. Títan gúlóòbù márùn-ún kò tó nǹkan. Kí ó máa tàn lọ lẹ́yìn tẹ́ni tó tàn án ti kú, iṣẹ́ nìyẹn.