Julius Hirsch, Agbábọ́ọ̀lù Ilẹ̀ Jámánì

Ǹjẹ́ o ti gbọ́ orúkọ Julius Hirsch rí, òǹkàwé mi? Ọmọ Júù tí a bí ní Jámánì ní ọdún 1892 ni. Iwájú ni ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ní ọdún 1912, òun nìkan gbá góòlù 4 wọlé nígbà tí Jámánì pàdé Netherlands. Ó jagun fún ilẹ̀ rẹ̀ nínú Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Hitler gba ìjọba ní ọdún 1933, àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn Júù. Hirsch fi ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ tẹ̀dùntẹ̀dùn. Ní ọdún 1943, wọ́n mú un lọ sí àgọ́ ikú Auschwitz. Kò padà mọ́. Rántí pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.